Ẹja Àlejò

Gbogbo Ọjọ́bọ̀, kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, Tinúọlá á ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn irin kóòdù-rúùmù kan tí wọ́n ń kó ẹja dídì sí ní Oregun, pẹ̀lú pátákó ìwọ̀n lábẹ́ apá, ìwé ńlá nínú báàgì, àti ìbọ̀wọ́ méjì tí àwọn méjèèjì jẹ́ ti ọwọ́ òsì. Ọ̀kan ni ọ́fíìsì kọ́kọ́ fún un. Nígbà tó kọ̀wé lẹ́ẹ̀mẹta pé ọwọ́ ọ̀tún òun ń dì, wọ́n fún un ní ìkejì.

Ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì ni. Ní ìlú wọn nígbà yẹn, kí ẹja òkun tó dé ọ̀dọ̀ wọn, á ti gbẹ, á ti dúdú, á sì ti ki ìrù bọ ẹnu. Ó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún kó tó fojú kan òkun, ọjọ́ kan ṣoṣo náà ni, òjò sì rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa sọ fún ìjọba bí ara òkun ṣe le sí. Ní Oregun ló ti ń ṣe é, níbi tí òkun kankan ò sí nítòsí, tó jẹ́ òórùn ọṣẹ àti ti rọ́bà láti àwọn ilé iṣẹ́ ni afẹ́fẹ́ máa ń gbé wá.

Ọdún kejì rèé tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ fún àwọn olóṣèlú. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ mọ iye ohun tí orílẹ̀-èdè ní, kí wọ́n lè mọ bí wọn ó ṣe ná an. Wọ́n ń ka ilé, wọ́n ń ka igi inú igbó. Ẹja àpò ló kan Tinúọlá.

Iṣẹ́ náà ò le láti ṣàlàyé. Bí ara òkun bá le, ẹja tí wọ́n ń pa yóò ní àgbà nínú, yóò ní ọ̀dọ́, yóò ní ọmọdé. Bí wọ́n bá ti ń pa á jù, àwọn àgbà ló kọ́kọ́ máa ń tán, lẹ́yìn náà àwọ̀n á bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tí kò tíì yé ẹyin rí. Ẹja àpò tí kò bá tíì tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ọmọdé ni. Nítorí náà, Tinúọlá á tẹ́ ẹja sórí pátákó, á wọ̀n ọ́n láti ẹnu dé ìrù, á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Ó ti ṣe èyí fún Ọjọ́bọ̀ mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ó mọ iye rẹ̀, nítorí kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ìka rẹ̀ kò dùn ún.

"Àǹtí ìjọba, ẹ káàárọ̀ o," Suara kí i lọ́jọ́ náà. Suara ni alábòójútó kóòdù-rúùmù yìí, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó máa ń wọ súẹ́tà méjì lórí ara wọn. "Àwọn èèyàn yín ti ń retí yín."

"Àwọn èèyàn mi wo, Bọ̀dá Suara?"

"Àwọn ẹja. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti múra."

Lóòótọ́ ni. Ọgbọ̀n ẹja àpò ló tò sórí tábìlì, gbogbo wọn kọ orí sí apá kan bí ọmọ ilé-ìwé tó wà lórí ìlà. Kò sí èyí tí ìrù rẹ̀ ya. Tinúọlá wọ̀n wọ́n. Nígbà tó ṣe ìṣirò rẹ̀ tán, gígùn wọn pín sí sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlélógójì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún tó kọjá, mọ́kàndínlógójì ni. Ní ọdún tó bẹ̀rẹ̀, méjìdínlógójì.

Ọ̀gá Reuben, olórí ọ́fíìsì ẹja ti ìjọba ní Ikẹjà, kò jẹ́ kó dé ìdí àga kó tó gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Tinúọlá, òkun ń bímọ," ló wí. Òkè òkun ló ti kàwé nípa ẹja, ó sì máa ń fi ìdùnnú sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní ìròyìn ayọ̀. "Àwọn ilé iṣẹ́ apẹja fẹ́ fi ọkọ̀ ńlá méjìlá kún èyí tí wọ́n ní. Ìjọba ní ká sọ bóyá òkun lè gbà á. Wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Á gbà á, á tún béèrè òmíràn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí Jímọ́ọ̀ yìí ni ìròyìn wa máa wọlé, orúkọ rẹ á sì wà níbẹ̀ pé ìwọ lo wọ̀n ọ́n."

"Ẹ ṣé, sà."

"Ìwé tìẹ náà wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Bí ìròyìn yẹn bá ti jáde báyìí, mo fọwọ́ sí i."

Tinúọlá mọ ìwé tó ń wí. Ọdún mẹ́fà ló ti ń ṣiṣẹ́ onígbà díẹ̀ ní ọ́fíìsì yẹn. Nígbà tí ibà dá a dúró ní ọdún kẹta, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni, ọjọ́ mẹ́sàn-án náà ni wọ́n sì yọ nínú owó rẹ̀. Ilé-ìwé alẹ́ ní Agége ló ti gba ìwé ẹ̀rí tó fi wọṣẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa ń kọ́ wọn nípa ohun abẹ̀mí, bẹ́ǹṣì kan ni àwọn márùn-ún ń jókòó lé, òun ni ìkarùn-ún, ìdajì ìdí rẹ̀ ló sì fi kẹ́kọ̀ọ́ náà. Bí Ọ̀gá Reuben bá fọwọ́ sí ìwé inú dúrọ́ọ̀, ó di òṣìṣẹ́ ìjọba títí tó fi máa fẹ̀yìn tì, kò sì sẹ́ni tó máa yọ ọjọ́ kankan mọ́.

Bí kì í bá ṣe pé bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọṣẹ, tó máa ń gbé e dé Ikẹjà, fi í sílẹ̀ lọ ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Ó wọn ẹja rẹ̀ tán, àwọn gbọọrọ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó jáde, bọ́ọ̀sì ti lọ. Ó bá jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Àwọn obìnrin mẹ́ta kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pín páálí ẹja kan tí wọ́n jọ rà. Wọ́n gbé páálí náà sókè, wọ́n jù ú mọ́lẹ̀ gbì, kí yìnyín inú rẹ̀ lè fọ́. Ẹja túká sórí àpò ìrẹsì tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀.

Tinúọlá wo ẹja náà. Ó rò pé ẹja mìíràn ni. Ó tún un wò, ẹja àpò ni, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò gùn ju ọwọ́ rẹ̀ lọ láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka. Ó wo ara páálí. Wọ́n máa ń tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ tó pa ẹja sí ara rẹ̀. Irinwó àti mẹ́tàdínlógún. Ó ṣí ìwé rẹ̀. Nọ́ńbà kan náà ló kọ sókè ojú ìwé ti òwúrọ̀ ọjọ́ náà.

"Ẹ jọ̀ọ́ Mà, níbo lẹ ti rí ẹja yìí?"

Obìnrin tó dàgbà jù nínú wọn gbójú sókè. Ìyá Yẹ́misí ni wọ́n ń pè é, ọmọ ìjọ Aládùúrà tó ń gbé ní Ìfàkọ̀, tó ń gbé ẹja kiri láti ojúlé dé ojúlé. "Inú ibi tí o ti jáde wá yẹn náà ni. Ṣé ìwọ kọ́ ni Àǹtí Onírúlà?"

"Èmi ni, Mà. Ṣùgbọ́n àwọn tí mo wọ̀n tóbi ju báyìí lọ."

Àwọn obìnrin náà wo ara wọn. Ìyá Yẹ́misí kọ́kọ́ gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, nítorí ọmọ ìjọ ni, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe.

"Ọmọ mi, àlejò ni wọ́n ń ṣe ẹ́. Ta ló máa gbé kékeré síwájú ìjọba?"

Tinúọlá padà sínú kóòdù-rúùmù. Ó bá Suara níbi tó ti ń mu tíì.

"Bọ̀dá Suara, ẹja tí mò ń wọ̀n, ṣé ẹ máa ń ṣà á ni?"

Suara gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ó dùn ún pé ẹnì kan lè rò pé òun kì í ṣà á. "Àǹtí, kí lẹ fi mí pè? Bí àlejò bá wọlé yín, ṣé ìdí ìkòkò lẹ máa ha fún un? Láti Ọjọ́ Ajé ni mo ti ń wá tiyín. Tí mo bá rí èyí tó yọrí, màá ní, ẹ yà á sọ́tọ̀, ti Àǹtí ìjọba ni. Àyè tiyín wà lọ́tọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti dé. Ṣé ẹ ò rí i pé ó ń tóbi sí i lọ́dọọdún ni? Ìfẹ́ wa sí yín ló ń pọ̀ sí i."

Tinúọlá dúró níbẹ̀, òtútù ń ti ẹsẹ̀ gùn ún. Ọdún méjì gbáko. Kì í ṣe òkun ló ń wọ̀n, inú rere Suara ló ń wọ̀n, inú rere náà sì ti gùn tó sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlélógójì.

Kò lè bá a jà. Ẹni tó bá ń jà nítorí pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún un, ibo ló ti máa bẹ̀rẹ̀ àlàyé? Ó rò ó lọ́nà ilé, ó rò ó lórí ibùsùn, ó sì rí ọgbọ́n kan tó dà bíi pé ó dára. Nínú orí ẹja àpò, òkúta funfun méjì máa ń wà, tí àwọn ọmọdé máa ń yọ nínú ọbẹ̀ láti fi ṣeré. Bí èèyàn bá gé e, yóò rí ìlà tó yí po nínú rẹ̀, ìlà kan fún ọdún kan, tí a lè fi ka ọjọ́ orí ẹja. Ẹni tó bá sì mọ̀ pé wọ́n máa gé ẹja òun lórí, kò ní fi ńláńlá ṣe àlejò mọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó lọ síbẹ̀ ní kùtùkùtù, ó ní kí Suara má tíì to ohunkóhun.

"Bọ̀dá Suara, láti òní lọ, gbogbo ẹja tí mo bá wọ̀n ni màá gé lórí, màá sì gbé e lọ pátápátá. Ọ́fíìsì ò ní dá a padà."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

Suara ronú díẹ̀. Ó wọlé, ó pẹ́ kó tó jáde. Ọgbọ̀n ẹja tó tò sórí tábìlì lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ ìkókó lásán ni wọ́n. Òmíràn wà nínú wọn tí ìka méjì lè bò mọ́lẹ̀.

"Àwọn wo nìyí?" ni Tinúọlá bi í.

"Àwọn tó gbà láti kú nítorí ìjọba."

Ó wọ̀n wọ́n náà, nítorí ó ti wà níbẹ̀. Mẹ́rìnlá ni gígùn wọn pín sí.

Ọ̀gá Reuben wo ìwé, ó yọ gíláàsì ojú, ó nù ún, ó tún wò ó. "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mọ́kànlélógójì. Ọ̀sẹ̀ yìí, mẹ́rìnlá. Ṣé ibà ló ń ṣe òkun ni?"

"Sà, wọ́n máa ń ṣa ẹja fún mi ni. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ń ṣa èyí tó tóbi. Nísinsìnyí, wọ́n ń ṣa èyí tó kéré."

"Ta ló ń ṣà á?"

"Àwọn tó fẹ́ràn wa, sà."

"Tinúọlá, mi ò lè kọ ìyẹn sínú ìròyìn. Ọ̀sẹ̀ méjì sí Jímọ́ọ̀ ọ̀la ni ọjọ́ pé. Lọ wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ. Bí o bá rí nǹkan mìíràn, wá fi hàn mí. Bí o ò bá rí i, ti ọdún méjì yẹn ni mo máa lò." Ó wo dúrọ́ọ̀ rẹ̀ fìrí.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé Tinúọlá lè dákẹ́. Kò sẹ́ni tó máa bi í. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, ó mọ̀ ọ́n fún odindi ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lára ẹja tó wà lórí àpò ìrẹsì yẹn. Ọkọ̀ ńlá méjìlá mìíràn, àwọ̀n tí ojú rẹ̀ há. Kí ni wọ́n máa bá níbẹ̀ láti pa?

Ní ọjọ́ kẹrin, ó padà lọ sí Oregun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe Ọjọ́bọ̀. Ó bẹ Suara pé kí òun fúnra òun wọlé láàárín páálí, kí òun mú ẹja tó bá wu òun. Suara gbà. Tinúọlá wọlé, ó ṣí páálí kan, ó sì rí i pé ọwọ́ òun pàápàá kò ṣeé fọkàn tán. Èyí tó tóbi ló ń lọ bá. Ó pàṣẹ fún un pé kó mú kékeré, ó wá mú kékeré jù. Ó bá di ojú, ó na ọwọ́ síwájú. Ohun tó bọ́ sí i lọ́wọ́ tóbi, ó wúwo, ó lẹ́wà. Ó la ojú, ó rí Moses, ọ̀kan lára àwọn tó ń gbẹ́rù, tó ń fi ẹ̀yìn rìn jẹ́jẹ́ kúrò níbẹ̀.

"Ẹ má bínú, Àǹtí," Moses wí. "Èyí tí ọwọ́ yín fẹ́ bà tẹ́lẹ̀ yẹn ò yẹ yín."

Ó jáde síta, ó jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù, nítorí kò mọ ibi tí òun tún lè jókòó sí. Ìyá Yẹ́misí àti àwọn méjì tí wọ́n jọ ń ra páálí ti tún wà níbẹ̀. Ìyá Yẹ́misí ló ń pín in. Ó mú ẹja ńlá kan síhìn-ín, ó mú òmíràn sọ́hùn-ún, ó dúró, ó wò ó, ó kó ọmọ kékeré mẹ́rin lé èyí tó fúyẹ́. Ó to òkìtì mẹ́ta. Ó yọ ọ̀kan nínú òkìtì àkọ́kọ́, ó fi rọ́pò ọ̀kan nínú ẹ̀kẹta. Ó ń làágùn.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ń ṣe é fínnífínní báyìí, Mà?"

"Nítorí èmi tí mò ń pín in, èmi ni mo máa mú gbẹ̀yìn. Bí mo bá jẹ́ kí ọ̀kan kéré, tèmi ni."

Tinúọlá dìde dúró. Ó wo òkìtì mẹ́ta náà. Ńlá inú páálí wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àárín wà níbẹ̀, kékeré wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe wà nínú páálí gan-an. Òkìtì kan ṣoṣo, páálí odindi ni. Obìnrin tí kò jókòó lórí bẹ́ǹṣì kankan rí ti ṣe é láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ohun tí òun fi ọdún méjì wá tí òun ò rí.

"Ẹ jẹ́ kí n wọn òkìtì kan kẹ́ ẹ tó mú un, Mà. Mi ò ní gbé ìkankan lọ."

"Kí ni ìyẹn máa ṣe fún wa?"

"Màá sọ fún yín bóyá ó dọ́gba."

Obìnrin kejì, tó ti ń wo òkìtì àárín tìfuratìfura láti àárọ̀, sún mọ́ wọn. "Wọ̀n ọ́n. Wọn gbogbo rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tó máa bá mi wọ̀n ọ́n."

Bó ṣe di pé Tinúọlá ń jókòó sórí páálí òfìfo níta géètì láràárọ̀ nìyẹn. Láàárín ọjọ́ márùn-ún, páálí mọ́kànlá ni wọ́n pín lójú rẹ̀. Òkìkí rẹ̀ kàn. Àwọn obìnrin ń ti Agége wá pín páálí wọn níwájú Àǹtí Onírúlà, kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀. Òkìtì kan nínú páálí kọ̀ọ̀kan ló ń kọ sílẹ̀. Ó ń ṣí ikùn díẹ̀ wò, ó ń yọ òkúta inú orí nígbà tí ẹni tó ni ín bá gbà.

Ẹni tí kò lè fara mọ́ ọn ni Suara. Ìtìjú ńlá ni fún un pé ìjọba ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níta. Ó kọ́kọ́ gbé àga jáde. Lẹ́yìn náà, ó gbé omi tútù jáde. Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí Tinúọlá tẹrí ba láti kọ nǹkan, ó jáde wá pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn, ó sì rọra fi ẹja gígùn kan sínú òkìtì tó fẹ́ wọ̀n.

"Ta ló gbé ìyẹn síbẹ̀?" Ìyá Yẹ́misí bi í.

"Ìyẹn wo?"

"Ìyẹn tó ń wò mí yẹn. Kò sí nínú páálí wa."

"Ẹ fi sílẹ̀, Ìyá Yẹ́misí. Àpọ́nlé ni."

"Bó bá jẹ́ àpọ́nlé, ta lo fi pọ́n lé? Òkìtì wo ló wà? Mo ti pín in tán, ó dọ́gba, ìwọ wá dà á rú."

"Òkìtì tèmi ló wà," obìnrin kejì sọ kíákíá.

"O ò tíì mú òkìtì kankan."

"Mo ti mú un lọ́kàn mi."

Ó di ariwo. Suara ní kí wọ́n dá ẹja òun padà fún òun. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bi í pé ẹja wo. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fi rọlẹ̀, kò sẹ́ni tó tún rí ẹja náà mọ́, aṣọ àdúrà funfun tí Ìyá Yẹ́misí ká sínú agbọ̀n rẹ̀ sì ti wú díẹ̀ sí i. Suara ò fi nǹkan kún òkìtì ẹnikẹ́ni mọ́.

Nígbà tí Tinúọlá ṣe ìṣirò tán, mọ́kànlélógún ni gígùn wọn pín sí. Nínú ẹja mẹ́wàá, méje ni kò tíì yé ẹyin rí láyé wọn. Nínú gbogbo òkúta tó gé, mẹ́ta péré ló ní ìlà tó ju méjì lọ.

Ó gbé e lọ fún Ọ̀gá Reuben ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀gá náà kà á dé ìsàlẹ̀, ó rí i pé níta géètì ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, lórí àpò ìrẹsì.

"Ìjọba ò lè lọ gba ẹ̀rí lọ́wọ́ àwọn aláté ẹja lábẹ́ igi," ló wí. "Wọ́n á ní ta ló rán wa."

"Ẹ wá wọ̀n ọ́n fúnra yín nígbà náà, sà. Nínú kóòdù-rúùmù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé ju mi lọ."

Èyí wọ̀ ọ́ létí. Ó ní òun á wá ní Ọjọ́bọ̀. Tinúọlá wá gba Oregun lọ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó sì sọ fún Suara, láìrẹ́rìn-ín, pé ọ̀gá òun pátápátá ló ń bọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti fi omi fọ iwájú kóòdù-rúùmù. Suara wọ agbádá lórí súẹ́tà méjèèjì. Àga onítìmùtìmù wà nílẹ̀, mínírà wà nílẹ̀, aṣọ funfun wà lórí tábìlì. Ẹja tó wà lórí aṣọ náà kò jọ ohun tí Tinúọlá rí rí. Wọ́n dùbúlẹ̀ gbalaja. Ọ̀kan wà tí ìrù rẹ̀ yọ kúrò lórí tábìlì.

Ọ̀gá Reuben ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó wọ̀n ọ́n. Inú rẹ̀ ń dùn sí i bó ti ń wọ̀n ọ́n lọ. "Méjìdínlọ́gọ́ta," ló wí nígbà tó ṣírò rẹ̀ tán. "Tinúọlá, ṣé o gbọ́? Méjìdínlọ́gọ́ta."

"Mo gbọ́, sà. Èmi, mọ́kànlélógójì. Ẹ̀yin, méjìdínlọ́gọ́ta. Ipò yín ni, sà."

Ọ̀gá Reuben dáwọ́ dúró. Ó wo ẹja, ó wo agbádá, ó wo mínírà. Ó yíjú sí Suara.

"Alàgbà, bí Mínísítà bá fẹ́ wá ńkọ́?"

Ojú Suara tàn. "Ẹ kàn fún wa ní ìwé ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, sà. Fún Mínísítà, a máa lọ yá a ní Àpápá."

Tinúọlá ka nọ́ńbà tó wà lára páálí ọjọ́ náà sókè, kí ọ̀gá rẹ̀ lè gbọ́ ọ, ó sì ṣáájú rẹ̀ jáde. Lábẹ́ igi fúrúùtù, Ìyá Yẹ́misí ṣẹ̀ṣẹ̀ to òkìtì mẹ́ta tán láti inú páálí tó ní nọ́ńbà kan náà. Ọ̀gá Reuben lóṣòó. Ó gbé ẹja kan lé àtẹ́lẹwọ́, kò kún un. Ó yá ọ̀bẹ, ó ṣí ikùn rẹ̀, ó wá ẹyin, kò rí nǹkan kan. Ó ṣí ìkejì. Ó ṣí ìkẹta. Ìdùnnú tó máa ń wà lójú rẹ̀ lọ, ẹni tó kàwé ló kù.

"Ọ̀gá," Ìyá Yẹ́misí wí fún un, "ẹ ti ṣí mẹ́ta nínú òkìtì kan. Ẹ gbọ́dọ̀ ṣí mẹ́ta nínú àwọn yòókù náà, kó lè dọ́gba."

Ó ṣí wọn.

Ní ọjọ́ kejì, tí í ṣe Jímọ́ọ̀, Ọ̀gá Reuben ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. Ìròyìn tuntun wà níwájú rẹ̀: kí ìjọba má fi ọkọ̀ kan kún un, kí wọ́n sì fẹ ojú àwọ̀n. Ìwé ńlá ti ọdún méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mo máa fi èyí ránṣẹ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n mi ò lè fi í ránṣẹ́ kí àwọn ti tẹ́lẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ẹni tó wọ̀n wọ́n gbọ́dọ̀ fagi lé wọn fúnra rẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i pé àṣìṣe ni. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan." Ó tọ́ka sí dúrọ́ọ̀ rẹ̀. "Àwọn tó máa ka ìwé tìẹ lókè máa rí i. Wọ́n á ní kó di ọdún tó ń bọ̀. Ó lè jẹ́ èyí tó tẹ̀ lé e."

"Mo mọ̀, sà."

"Bí o bá fẹ́ lọ rò ó di Ọjọ́ Ajé, mo lè sọ pé ara mi ò yá."

"Mo ti rò ó, sà. Ẹ yá mi ní gègé pupa."

Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀. Ó fagi lé ojú ìwé àkọ́kọ́, ó fọwọ́ sí i. Ó fagi lé ìkejì. Ó rántí Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń dé ibẹ̀: èyí tí òjò pa á láti Ìfàkọ̀ dé Oregun, èyí tí awọ ìka rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹja tó sì bó, èyí tó jẹ́ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Gbogbo wọn ló fa ìlà pupa gba orí wọn. Ọ̀gá Reuben kò lè wò ó, ó lọ dúró sẹ́nu fèrèsé. Nígbà tó yíjú padà, ó bá a tó ń rẹ́rìn-ín.

"Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Ojú ìwé yìí, sà. Ọ̀sẹ̀ tí mo sọ fún Bọ̀dá Suara pé mo rí iṣẹ́ mìíràn, tí mo kàn fi ń dẹ́rù bà á. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ni ẹja fi gùn sí i lọ́sẹ̀ yẹn."

Òun náà rẹ́rìn-ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fẹ́. Nígbà tí Tinúọlá fagi lé èyí tó gbẹ̀yìn, Ọ̀gá Reuben ṣí dúrọ́ọ̀, ó ti ìwé iṣẹ́ Tinúọlá sẹ́yìn pátápátá, lábẹ́ àwọn fáìlì mìíràn, ó sì tì í. Ó ṣe bíi pé gègé ni òun ń wá.

"Kóòdù-rúùmù tó kù ni ti Ìlúpéjú," ló wí. "Oregun nìkan ò tó láti fi gba ìjọba gbọ́. Ibẹ̀ ni wàá ti bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Àwọn obìnrin tó ń pín páálí wà níbẹ̀ náà, àbí?"

"Wọn ò lè ṣàì sí níbẹ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ pé mò ń bọ̀."

Ọ̀gá Reuben tẹjú mọ́ tábìlì. Ó gbé bébà kan síhìn-ín, ó gbé e sọ́hùn-ún.

"Mo ti kọ̀wé sí wọn láàárọ̀ yìí," ló wí. "Ó yẹ kí á bọ̀wọ̀ fún wọn."

Tinúọlá gbé pátákó ìwọ̀n rẹ̀ sábẹ́ apá.

"Kò burú, sà," ló wí. "Ọjọ́rú ni màá lọ."